Ẹsẹ̀ Fífẹ̀, Bàtà Iṣẹ́: Èwo Ni Ká Mú Nínú Gbogbo Èyí Tó Wà Lọ́jà?

Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, màmá wa á fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, á ní ká dúró dáadáa, á fi wọn ẹsẹ̀ wa láti gìgísẹ̀ dé orí ìka tó gùn jù, á wá ṣẹ́ ẹ síbẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wọ inú pọ́ọ̀sì, ó di ọjà. Bí wọ́n bá ti ọjà dé, gígùn bàtà á bá ẹsẹ̀ wa mu régé. Àmọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, àwa méjì tí a jogún ẹsẹ̀ bàbá wa, ìsìn Kérésì kì í tíì dé ìdajì tí a ó ti bọ́ bàtà sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ìgbálẹ̀ ò mọ ìbú. Gígùn nìkan ló mọ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sábẹ́ bàtà, ìgbálẹ̀ lòun náà. 39, 42, 44, gígùn ló ń sọ, ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ fi lè ra bàtà tí nọ́ńbà rẹ̀ péye kó sì máa tiro bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Tíṣà ni mí ní Ìbàdàn. Orí ìdúró ni mo ń wà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi wọ nọ́ńbà 41, kí aránbàtà kan ládùúgbò wa tó ní kí n gbé ẹsẹ̀ lé bébà, ó fi lẹ́ẹ̀dì yí i ká, ó wò ó títí, ó ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ yín ò tóbi o. Ó fẹ̀ ni. 39 ni yín." Inú gbólóhùn yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ti jáde.

Ká fi nọ́ńbà kún un, àbí ká wá èyí tó fẹ̀?

Ìmọ̀ràn tí ọlọ́jà kọ́kọ́ máa ń gbà wá ni pé ká mú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. Nínú nọ́ńbà àwọn ará Yúróòpù, èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà wa, láti 40 sí 41 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 7 ní gígùn. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, láti 6 sí 7 lé ní mìlímítà 8. Ìbú náà ń pọ̀ sí i, àmọ́ díẹ̀ báyìí ni. Kí ìbú tó tó yín, ẹ lè ti fi nọ́ńbà méjì kún un, iwájú bàtà á sì ṣófo.

Ibi tó ṣófo yẹn kọ́ ló burú jù. Gbogbo bàtà ló ní ibi tí wọ́n ṣe é láti máa tẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kó ṣe déédéé pẹ̀lú oríkèé tí ọmọ ìka ti so mọ́ ẹsẹ̀. Bí bàtà bá gùn jù, ibi títẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sórí ọmọ ìka, bí ẹ bá ti ń gbẹ́sẹ̀ ni awọ á máa kán lù wọ́n. Gìgísẹ̀ á máa yọ lẹ́yìn. Ọmọ ìka á wá máa ká kò láti di bàtà mú kó má bàa bọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìrora tó máa ń mú mi ní ojúgun lálẹ́, tí mo rò pé ìdúró nìkan ló fà á, ó dín kù gan-an nígbà tí mo padà sí 39 tó fẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi kún nọ́ńbà rárá, ẹ má jẹ́ kó ju ìdajì lọ. Ìbú ni kí ẹ máa wá.

Wíwọn ẹsẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Bàtà tí ẹ wọ̀n wò láago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó sì rọ̀ yín lọ́rùn lè di ìjà láago mẹ́rin. Ẹ wọ irú sọ́kísì tí ẹ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ lẹ bébà mọ́lẹ̀, ẹ dúró lé e. Ẹ má jókòó, nítorí ìgbà tí ara bá tẹ ẹsẹ̀ ló máa ń fẹ̀ dé ibi tó lè fẹ̀ dé. Kí ẹlòmíràn bá yín mú lẹ́ẹ̀dì ní òró, kó fi yí ẹsẹ̀ ká, ọ̀tún àti òsì, torí ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì dọ́gba. Èyí tó bá tóbi nínú wọn lẹ máa rà fún. Ẹ wọn gígùn, ẹ wọn ìbú níbi tó ti fẹ̀ jù, lẹ́yìn náà ẹ mú tépù télọ̀, ẹ yí i po ẹsẹ̀ níbẹ̀ kan náà. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ nílẹ̀, òkè rẹ̀ ló ga, tépù yìí ló máa tú u fó.

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù bàtà ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè rí irinṣẹ́ onírin kan tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé. Charles Brannock, ará Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York, ló ṣe é ní àwọn ọdún 1920. Ohun mẹ́ta ló ń wọ̀n: gígùn, ìbú, àti bí ó ti jìn tó láti gìgísẹ̀ dé oríkèé ọmọ ìka, ìyẹn ibi títẹ̀ tí mo sọ lókè. Ohun mẹ́ta tí ẹyọ ìgbálẹ̀ ń fi ẹyọ kan ṣoṣo dípò.

Ẹ fi síṣọ́ọ̀sì gé bébà náà bí ẹsẹ̀ ṣe rí, kí ẹ máa mú un lọ sọ́jà. Ẹ gbé e sábẹ́ bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́ wò. Bí bébà bá yọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kò burú, lẹ́ẹ̀dì náà gba àyè tirẹ̀. Bí ó bá yọ tó ìbú ìka ọwọ́ kékeré, ẹ dá bàtà padà. Ọlọ́jà á ní, "Awọ ni, ó máa là fún yín." Bébà ti dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ tún ẹsẹ̀ wọ̀n. Oyún máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin kan gùn tàbí fẹ̀ sí i, kì í sì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọmọ mi kejì ni tèmi gbòòrò sí i. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó kàn ṣàdédé wú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàtà. Ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ, kó má gbẹ́kẹ̀ lé "kò ta mí lẹ́sẹ̀" nìkan, nítorí àìsàn náà lè mú kí ẹsẹ̀ kú díẹ̀ tí bàtà á fi dá egbò sí i tí onítọ̀hún ò ní mọ̀. Bébà àti tépù ni kí irú wọn gbà gbọ́, kí wọ́n sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́.

Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ò kà

Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń sọ ìbú. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ó máa ń wà lábẹ́ ahọ́n bàtà tàbí lára awọ inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ìdààmú tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́tà ò rí bákan náà níbi gbogbo:

Clarks, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1825: fún obìnrin, D ni ti gbogbo ayé (ìyẹn ìbú tó bá ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ mu), E fẹ̀, EE fẹ̀ gan-an. Fún ọkùnrin, G ni ti gbogbo ayé, H ló fẹ̀.

Loake, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó ń rán bàtà ọkùnrin ní Kettering: F ni ti gbogbo ayé, G ló fẹ̀.

Amẹ́ríkà: fún ọkùnrin, D ni ti gbogbo ayé, 2E fẹ̀, 4E fẹ̀ gan-an. Fún obìnrin, B ni ti gbogbo ayé, D fẹ̀, 2E fẹ̀ gan-an.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè wọ́. G tó fẹ̀ ní Loake, ti gbogbo ayé ni ní Clarks. D tó jẹ́ ìtura fún ẹsẹ̀ obìnrin nínú bàtà Amẹ́ríkà, kò fẹ̀ rárá nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rán ará ilé tó wà lókè òkun níṣẹ́ bàtà, ẹ má kàn sọ pé "èmi ni D". Ẹ fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ ránṣẹ́ ní mìlímítà, kí ẹ sì sọ irú ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, EE ló ń wọ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu jù nígbà tó débẹ̀ ni pé wọ́n bi í ní ìbú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé bàtà fún un. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni nígbà náà. Ẹnikẹ́ni ò bi í rí.

Irú bàtà wo?

Fún ọkùnrin, ìjà wà láàárín bàtà olókùn méjì tó jọra lójú ẹni tí kò wò wọ́n dáadáa. Èyí tí wọ́n ń pè ní Oxford, apá méjèèjì tí okùn gbà kọjá ni wọ́n rán sábẹ́ awọ iwájú. Ó máa ń dán mọ́nránmọ́nrán, ó bá kóòtù mu, àmọ́ kò lè ṣí ju ibi tí òwú dá a dúró sí lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Derby, orí awọ iwájú ni wọ́n rán apá méjèèjì lé. Tú okùn, ẹnu rẹ̀ á ṣí gbayawu bí ilẹ̀kùn alápá méjì, ẹsẹ̀ tó ga lókè á wọlé, ẹ óò sì so ó dé ibi tó bá tù yín lára.

Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ní Marina. Oxford ló fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rí lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Bó bá so ó, àlàfo tó dà bí lẹ́tà V máa ń wà láàárín apá méjèèjì, wọn kì í pàdé láéláé, àmì pé bàtà ò gba ẹsẹ̀ nìyẹn. Awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya lẹ́bàá ìka kékeré kí oṣù mẹ́fà tó pé. Derby dúdú tí kò ní iṣẹ́ ọ̀nà kankan lára ló ń wọ̀ báyìí. Lábẹ́ sòkòtò kóòtù, kò sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀. Fún ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: Derby. Èyí tó ní bẹ́líìtì àti bọ́kù dípò okùn ló tẹ̀ lé e, bí wọ́n bá lu ihò bẹ́líìtì rẹ̀ tó mẹ́ta. Lófà, bàtà tí a kàn ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, ló gbẹ̀yìn, nítorí kò ní ohun tí a lè tú tàbí so. Ọjọ́ tí ẹ rà á ló ti pinnu.

Ti àwa obìnrin le jù bẹ́ẹ̀. Kọ́fà ṣúù tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ibi tó ti sún jọ gan-an ni ibi tí ẹsẹ̀ wa ti fẹ̀. Bó bá tún jẹ́ bàtà gogoro, gbogbo ìwúwo ara á rọ́ síwájú, á máa ti ọmọ ìka wọnú ṣóńṣó náà. Ọ̀rẹ́ mi kan wọ irú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Eegun ẹ̀gbẹ́ ìka ńlá rẹ̀ ti yọ gànńgàn báyìí, bàtà kankan ò sì bá a lára mu mọ́. Ẹ má dúró dìgbà yẹn. Kọ́fà ṣúù tí imú rẹ̀ rí roboto tàbí tó ṣe bí igun mẹ́rin, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ nípọn tí kò sì ju mẹ́rin sẹ̀ǹtímítà lọ, ó ṣì bọ́ sí ọ́fíìsì, ó sì ń jẹ́ kí ìka ṣí. Ẹ tún wo ibi tí ẹnu bàtà mọ lórí ẹsẹ̀. Bó bá gé kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ìpín ọmọ ìka ń hàn, etí rẹ̀ á máa ge yín gẹ́lẹ́ níbi tó fẹ̀ jù. Èyí tó bò ó sókè díẹ̀, tàbí tó ní bẹ́líìtì kan lórí, á di ẹsẹ̀ mú láìfún un.

Háàfù ṣúù tí kò lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ ló ń sá sí i. Mi ò bá wọn wí, àmọ́ iwájú rẹ̀ lè há bíi ti èyíkéyìí, ó kàn jẹ́ pé ẹ lè fà á yọ kíá.

Awọ, rọ́bà, tàbí awọ onírun?

"Ó máa là" jẹ́ òótọ́ fún awọ gidi, irọ́ ni fún awọ àtọwọ́dá. Awọ ẹran máa ń gba ìrísí ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, aránbàtà sì lè fi igi fẹ̀ ẹ́ ní ìbú, àmọ́ kò lè fi kún gígùn rẹ̀. Èyí tó ní irun wúruwùru lójú, tí wọ́n ń pè ní suede, ló máa ń là jù, ló sì rọ̀ jù. Eruku wa àti ẹrẹ̀ òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Awọ tí wọ́n fi nǹkan dídán bò bíi dígí kì í là, á kàn sán ni. Rọ́bà tí wọ́n ṣe bí awọ, bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló máa rí títí tó fi máa bó, ooru sì máa ń mú nínú rẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ á túbọ̀ wú.

Láti dá wọn mọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: awọ gidi á ṣẹ́ wínníwínní bí ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà, rọ́bà á kàn wọnú láìṣẹ́. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n gé e sí, ẹ óò rí òwú awọ níbẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣáná dán bàtà tí ẹ fẹ́ fowó rà wò.

Ibo la ti máa rà á?

Bàtà tuntun ní Balógun tàbí Àlẹ́ṣinlọ́yẹ́: ó yá, ó pọ̀, ẹ lè wọ ogún wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ ìbú kan náà ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kì í ní lẹ́tà, èyí tó pọ̀ jù ló sì jẹ́ rọ́bà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ lè rí nǹkan níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ fẹ̀ gan-an máa rìn tán ni.

Bọ́síkọ́nà, bíi ti Yaba, ni mo fẹ́ràn sí i. Ibẹ̀ ni bàtà awọ gidi tó ní lẹ́tà H tàbí EE lára wà, ọlọ́jà kì í sì í ka lẹ́tà náà kún owó, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n lẹ máa jèrè. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ ni àtẹ́lẹ̀. Irú àtẹ́lẹ̀ fúlẹ́fúlẹ́ kan wà tí ọjọ́ ogbó àti ọ̀rinrin máa ń jẹ láti inú, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀ ọ́ rí. Mo ra ọ̀kan tí ojú rẹ̀ dán bíi tuntun. Lọ́jọ́ kẹta, lórí ìlà àárọ̀ níléèwé, mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ òsì mi kanlẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti rún wómúwómú bí àkàrà tó gbẹ, ó dà sílẹ̀ lẹ́yìn mi láti gééètì. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fi èékánná tẹ àtẹ́lẹ̀ kí n tó dúnàádúrà. Bó bá wọnú tí kò padà, tàbí tó ń ṣe ìyẹ̀fun, mo ti kọjá. Ẹ tún wo inú rẹ̀: ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti tẹ ibùsùn tirẹ̀ síbẹ̀, bí kòtò náà bá jìn, kò ní bá yín mu.

Ríránṣẹ́ sókè òkun dára fún ẹni tó ti mọ lẹ́tà rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ kan pàtó. Fún ẹni tó ń méfò, owó gọbọi ni, dídá a padà sì lè ná yín ju bàtà náà lọ.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni aránbàtà. Aba, lọ́jà Ariaria, ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ bàtà rírán, àmọ́ Ìbàdàn àti Èkó kún fún àwọn tó mọ̀ ọ́n rán. Orí láàsì ni wọ́n ti ń mọ bàtà, ìyẹn ẹsẹ̀ onígi tàbí oníke. Bí wọ́n bá lo láàsì tóóró fún ẹsẹ̀ yín, bàtà á há bíi ti ọjà, ẹ óò kàn ti fi owó àti ọjọ́ ṣòfò. Ẹ ní kí wọ́n gbé láàsì náà wá, ẹ gbé e lé bébà ẹsẹ̀ yín lójú wọn. Níbi tí kò bá tó, aránbàtà tó gbọ́n á lẹ pẹlẹbẹ awọ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó fa awọ bàtà bò ó. Tèmi lẹ pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan síbi ìka kékeré, ọ̀kan síbi oríkèé ìka ńlá, ó fá etí wọn dán kí ojú má bàa rí i lára bàtà. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ló gbà á. Òun ló yọ mí nínú ìyà ọdún mọ́kànlá.

Ẹ ní kí wọ́n fi awọ ṣe inú rẹ̀, kì í ṣe aṣọ, kí wọ́n sì rán àtẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ. Ìdajì owó ni kí ẹ san sílẹ̀. Àléébù wọn ò fara sin: "ẹ wá lọ́la" lè di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pàápàá bí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀. Bí bàtà àkọ́kọ́ bá wá bá a mu, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣí pẹlẹbẹ awọ náà kúrò, tàbí kí wọ́n kọ orúkọ yín sí bébà ẹsẹ̀ yín, kí wọ́n fi í pamọ́. Àwòrán ẹsẹ̀ tí a yà lórí fóònù kò lè dípò rẹ̀, torí kò ní sọ bó ṣe tóbi tó.

Bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bá wá kù ọ̀sẹ̀ kan, tí aránbàtà ò lè yá a tán, báyìí ni èmi máa ṣe é: ìrọ̀lẹ́, bébà lápò, bọ́síkọ́nà, Derby awọ gidi tàbí kọ́fà ṣúù onímú roboto, nọ́ńbà mi gan-an, lẹ́tà tó fẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ kó tù mí, màá yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ tó bá ṣe é yọ, kí àyè òkè lè pọ̀ sí i, màá sì gbé e fún aránbàtà kó fi igi fẹ̀ ẹ́ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, màá wọ̀ ọ́ nílé lálẹ́ mẹ́ta, wákàtí kan kan, pẹ̀lú sọ́kísì tí màá wọ̀ lọ.